Iyọ̀ Pa Ẹ̀fọ́ Wa, Kò Pa Ẹ̀gbà
Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣù yìí

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù lẹ ń dúró dè. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọgbà ẹ̀fọ́ wa.

Ẹ rántí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. A gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí etí ọ̀sà, omi kànga ibẹ̀ la fi ń bomi rin ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí ewé gbẹ bí èyí tí iná jó. Èmi ni mo ní ká túbọ̀ bomi sí i. Àṣìṣe mi ni o. Iyọ̀ ni mo ń fi kún iyọ̀. Igi ẹ̀gbà tó wà níwájú wa níbẹ̀ ńkọ́? Inú omi gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ewé rẹ̀ sì ń dán.

Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ ló ń dà wá láàmú. Ó fara jọ pọtásíọ̀mù tí ohun ọ̀gbìn nílò, nítorí náà ó máa ń gba ọ̀nà pọtásíọ̀mù wọ gbòǹgbò, bí ẹni tó sá tẹ̀lé mọ́tò onílé wọ ẹ́sítéètì. Tó bá ti wọlé, omi tó ń gòkè á gbé e dé ewé. Oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, lójoojúmọ́, títí ewé á fi kú.

Ẹ̀gbà ní tiẹ̀, ẹnu géètì ló ti ń jà. Nínú gbòǹgbò rẹ̀, nǹkan kan tó dà bí ìda yí ọ̀nà omi ká. Omi ń kọjá, ṣùgbọ́n tí a bá pín iyọ̀ inú omi náà sọ́nà mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kì í wọlé. Èyí tó bá yọ́ wọlé, ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bíi pọ́ǹpù lára gbòǹgbò tó ń tì í padà síta, òmíràn sì ń fà á kúrò nínú omi tó ń gòkè. Èyí tó bá ṣì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á tì í mọ́ inú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀fọ́ náà ní irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ ni ò ká a. Pọ́ǹpù ọ̀hún ń jẹ agbára, bíi jẹnẹrétọ̀.

Irú ẹ̀gbà kejì, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọrí nínú ẹrẹ̀ bíi pẹ́ńsùlù, tún ń làágùn iyọ̀ lójú ewé. Ẹ fi ahọ́n kàn án lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa rí i. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń pẹja lè ti mọ èyí kí n tó dé yunifásítì.

Omi ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń da omi tí kò níyọ̀ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba Commodore Channel wọlé. Nítorí náà, ìgbà òjò la máa tún ẹ̀fọ́ gbìn.

Ó wá ku pápá. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká gé ẹ̀gbà tó kù létí omi, ká fi yanrìn dí ibẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò yẹn ló di ẹrẹ̀ etí omi wa mú, abẹ́ rẹ̀ sì lọmọ ẹja ń sá sí. Láti Lẹ́kí dé Ajah, yanrìn ti bo ọ̀pọ̀ àbàtà. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ilẹ̀ yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀, owó ló ń san wọ Lekki Conservation Centre.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ilẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wa. Ó kéré, mi ò ní parọ́; ẹni márùn-ún sí márùn-ún la máa lè gbá níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ń bínú sí mi nítorí rẹ̀.

Kí ìgbìmọ̀ tó pinnu, ẹ jọ̀ọ́, ká pàdé ní èbúté lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò. Màá fi ewé tó ń làágùn iyọ̀ hàn yín.