Ẹ Sọ Wọ́n Lórúkọ Kí A Tó Kó Wọn

  

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí. Ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Houston ń kúrò ní gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣèpàdé látọjọ́ yìí, ẹ sì ti pinnu pé gbogbo ìwé, fọ́tò àti kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí ni a óò kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rí wọn níbikíbi tó bá wà. Ìpinnu náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé ìgbà tí a bá ń kó ẹrù ni nǹkan ń sọnù jù. Bí ìwé bá wà lójú kan, ikán àti eku ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá ti ń gbé e kiri, àwa fúnra wa la di ọ̀tá rẹ̀: ẹni tó ń kánjú, ẹni tó rò pé ẹlòmíì ti gbé e, ẹni tó wò ó tó ní “kí lèyí náà?” tó sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí MySpace, níbi tí olórin káàkiri ayé ń kó orin wọn sí. Ní 2019, ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé níbi tí àwọn ti ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn ni àwọn orin tí wọ́n kó síbẹ̀ láti 2003 sí 2015 ti ṣòfò. Nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ orin, bí 490,000 péré ló tún yọjú, nítorí pé àwọn olùwádìí kan ti da ìwọ̀nba díẹ̀ kọ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Àmọ́ kí ni mo tiẹ̀ ń wá MySpace lọ sí, nígbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí? Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní Ọ̀yọ́. Ó ti jókòó ti àwọn arọ́kin, ó ti bi àwọn àgbà tó fojú rí ogun léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Ọba, ó dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé, ni òǹtẹ̀wé bá ní òun kò mọ ibi tí òun fi í sí mọ́. Ẹ gbọ́ ná! Ìtàn odindi ìran kan, ẹnì kan kò rántí ibi tó gbé e sí. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí ìwé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà lọ kó àwọn bébà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ kọ jọ, àwọn àkọsílẹ̀ wúruwùru tí ẹ̀gbọ́n ì bá ti fi dáná bó bá jẹ́ onímọ̀ọ́tótó ènìyàn, tó sì fi wọ́n tún gbogbo ìwé kọ. Ní oṣù kìíní 1916 wọ́n tún fi í ránṣẹ́. Ọkọ̀ òkun Appam ló gbé e. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n sì wà á wá sí Virginia, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ibi tó ń lọ. Obadiah náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àbá tó ń jà ràn-ìn nínú ìgbìmọ̀, pé bí a bá ti ya gbogbo bébà sínú kọ̀ǹpútà tán, kí a da àwọn bébà náà nù kí ilé lè fẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ̀dà ti orí ẹ̀rọ wà fún kíkà, bébà sì wà fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Ẹ má sì kó gbogbo wọn sí gáréèjì ẹnì kan ṣoṣo. Àwa tí a wà níbí nígbà ìjì Harvey ní 2017 mọ ohun tí omi fojú ilé rí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ̀kẹta wà nílùú mìíràn pátápátá.

Akọ̀wé wa ṣe mí lóore, ó jẹ́ kí n tú ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà wò. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ló wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi pátákó, báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kankan. Ojú ìwé kan kà báyìí: Bọ̀dá Sunday dá àbá pé kí owó òkú di ìlọ́po méjì, Ìyá Ìbàdàn gbè é lẹ́yìn, ilé fọwọ́ sí i. Ó dáa. Bọ̀dá Sunday wo? Àwọn mẹ́ta tí mo bi ní Sunday ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́kàn. Ní ti Ìyá Ìbàdàn, ẹ wo ìjókòó yìí, Ìyá Ìbàdàn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí nìkan tó mẹ́fà.

Abẹ́ ìwé náà ni mo ti rí fọ́tò àwọn ìyá kan nínú léèsì aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n tò síwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀kan nínú wọn gbé kúlà ńlá dání, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kúlà náà kò wúwo. Déètì wà nígun fọ́tò náà bí àwọn kámẹ́rà ìgbà yẹn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, aláwọ̀ ọsàn. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi han àgbà kan, ó ní Ìyá Ṣadé ni. Èkejì ní rárá o, Ìyá Ṣadé kò tíì dé Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé bí a bá gbé fọ́tò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la bó ṣe wà yìí, á dúró síbẹ̀ títí, kò sì ní sọ nǹkan kan fún ọmọ ọmọ ìyá náà. Ẹ̀rọ kò mọ Ìyá Ṣadé. Ẹ̀yin àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí: kí a sọ wọ́n lórúkọ kí a tó kó wọn. Kíkó rọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè fi fóònù ya gbogbo àpótí yẹn láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ ni kò ṣeé yà.

Ti WhatsApp tiẹ̀ tún le ju ti fọ́tò lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ ti kó ọ̀rọ̀ ìpàdé, ìkéde òkú àti ìkíni ọjọ́ ìbí síbẹ̀. Ẹ lè kó àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, ààyè rẹ̀ wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n orúkọ tó máa jáde ni orúkọ tí oní-fóònù fi pe olúkúlùkù nínú fóònù tirẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kó jáde bẹ́ẹ̀: “Ìyá Ìbejì Katy” ní òun yóò mú ìrẹsì wá, “Bọ̀dá Plumber” sì kí gbogbo ilé kú ọdún. Ẹni tí kò bá sí lórí fóònù náà, nọ́ńbà lásán ló dà. Ẹ rántí pé Bọ̀dá Plumber yìí ti jẹ alága ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì! Kí ẹni tó bá fẹ́ kó o jáde kọ́kọ́ tún orúkọ inú fóònù rẹ̀ ṣe.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Àwọn ìwé tí ẹ tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, fọ́ǹtì àdáṣe ni ẹ fi tẹ̀ wọ́n, nítorí ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò ní ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Fọ́ǹtì náà ló ń yà á bí ẹ lójú wa; nínú ẹ̀rọ, àmì mìíràn pátápátá ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé á di wọ̀ǹdìwọ̀ndì tí bàbá àlùfáà pàápàá kò ní lè kà. Ẹ wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà rí, ẹ tẹ àwọn ìwé náà jáde láti orí rẹ̀, tàbí kí ẹ sọ wọ́n di PDF pẹ̀lú fọ́ǹtì wọn nínú, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ń kó irin àlòkù.

Kásẹ́ẹ̀tì kò ní dúró dè wá. Funai, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 2016, ooru gáréèjì Texas sì ń jẹ téèpù lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí à ń ṣe nísinsìnyí náà kò sì láàbò jù ú lọ: láti oṣù kejì 2025, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni Facebook ń tọ́jú fídíò tí ènìyàn bá fi hàn láàyè. Ìsọmọlórúkọ tí ẹ fi han àwọn ará ilé lóṣù tó kọjá lè ti lọ.

Ohùn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Láàárín 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Bahia ní Brazil, ó sì gba ohùn àwọn tó ṣì ń sọ Yorùbá tí wọ́n sì ń kọrin rẹ̀. Martiniano do Bonfim wà nínú wọn, ẹni tí bàbá rẹ̀ mú lọ kàwé l’Ékòó nígbà èwe. Yunifásítì Indiana ni àwọn àwo tó gba ohùn wọn sí wà. Nítorí pé Turner kọ orúkọ sílẹ̀, a mọ̀ títí dòní pé Martiniano ló ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan, ẹ̀rù náà sì tọ́. Kì í ṣe gbogbo nǹkan inú àpótí ló yẹ kí ayé rí. Ìwé àjọ wà níbẹ̀, tó ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ìwé ẹ̀sùn tọkọtaya wà níbẹ̀, àti ìwé àwọn tí ẹgbẹ́ dá owó lọ́yà fún nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbélùú wọn le. Ní tèmi, kí a má jó wọn, kí a má sì gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a dì wọ́n lọ́tọ̀, kí ilé dá iye ọdún tí wọ́n máa wà ní títì, kí a sì kọ ọ́ sára wọn. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tó ní òun kò fẹ́ kó hàn, kí a gbọ́ tirẹ̀ láìbéèrè ìdí.

N kò ní gùn ju báyìí lọ, mo ti ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo ti bá alága sọ ọ́, ó sì ti gbà: àwọn àpótí fọ́tò ti wà lórí tábìlì lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, ẹ má lo báírò, torí báírò máa ń là kọjá sójú fọ́tò. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán tí pẹ́ńsù kò mú, ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé kí ẹ sì ti fọ́tò bọ inú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ, orúkọ bàbá, ìlú tí ènìyàn ti wá, ibi tí wọ́n ti yà á. Bí ẹni méjì kò bá fẹnu kò, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín jókòó ti àgbà kan, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣàlàyé, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń pín oúnjẹ ti gbà láti gbé abọ́ wá bá yín níbẹ̀.