Òjé Nínú Ilé: Àwọn Amọṣẹ́ Tí Bagega Dúró Dè



Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ òjé. Apẹja a máa so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì; àwọn olùsìn Ọbàtálá a máa fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́; inú bátìrì mọ́tò sì kún fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá di lẹ́búlẹ́bú, tí ó dà sí ilẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ ń rá, ọ̀tá ni. Kò ní òórùn, ojú lásán kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eruku. Ọmọ yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀, yóò sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ìròyìn kan àwọn dókítà aláàánú tí à ń pè ní Médecins Sans Frontières lára pé àwọn ọmọdé ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Gìrì ni ó ń mú wọn. Ẹni tí ó bá rí wọn lè pè é ní ibà, ó sì lè pè é ní yírùnyírùn. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òjé ni. Àwọn olùwádìí wọ abúlé Dareta àti Yargalma, wọ́n ń bẹ agbo ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ni ó ti kú láàrin ọdún kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 204 wò nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí májèlé náà kò wọ̀ lára, 198 sì ti kọjá ààlà tí ó fi di dandan láti fún wọn ní oògùn tí ń fa òjé jáde.

Wúrà ni ó fà á. Àwọn ọkùnrin ń gbé òkúta wúrà wálé láti inú ihò. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọ-ọkà lọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ń fọ́ ọ nínú agbo ilé, tàwọn tọmọ. Òkúta agbègbè náà sì ní òjé púpọ̀ nínú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta agbo ilé tí a bẹ̀ wò ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Owó wúrà ń gòkè lágbàáyé nígbà náà, àgbẹ̀ a sì máa wá ibi tí owó wà.

Oògùn wà fún ọmọ tí òjé wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni oògùn yóò ṣe fún ọmọ tí ó tún padà lọ jókòó sórí ilẹ̀ kan náà? Àwọn dókítà rí i pé ilé ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀. Dókítà kọ́ ni ó sì mọ iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà ni a fi ké sí TerraGraphics láti Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti wẹ ilé àti àgbàlá mọ́ kúrò lọ́wọ́ òjé ní ìpínlẹ̀ Idaho.

Ohun èlò wọn dàbí ìbọn kékeré. Wọn yóò gbé ẹnu rẹ̀ lé ilẹ̀, yóò ta ìtànṣán sí i, yóò sì fi iye òjé tí ó wà níbẹ̀ hàn kíákíá. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìwọ̀n 400 nínú mílíọ̀nù kan ni ààlà fún ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Ní Zamfara, ibòmíràn wà tí ó ju 100,000 lọ! Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí ó wà, wọn yóò ha ojú ilẹ̀ náà kúrò, wọn yóò kó o sínú àpò, wọn yóò lọ sin ín sínú kòtò tí a gbẹ́ fún un, wọn yóò sì da ilẹ̀ mìíràn tí ó mọ́ dípò rẹ̀. Àwọn ará abúlé ni a kọ́ ní iṣẹ́ yìí tí wọ́n sì ṣe é. Èyí dára, nítorí ẹlẹ́hàá ni ọ̀pọ̀ obìnrin níbẹ̀, àjèjì ọkùnrin kò sì lè dédé wọlé tọ̀ wọ́n láìsí àṣẹ ọba àti baálé.

Abúlé méje ni a wẹ̀ mọ́ ní 2010 àti 2011. Ó ku Bagega, abúlé ńlá. Ní 2012, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ìlérí owó. Ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni owó tó jáde. Oògùn wà, dókítà wà, amọṣẹ́ wà, ọ̀nà iṣẹ́ ti di mímọ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Bagega kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nítorí pé ilé wọn kò tíì mọ́. Nígbà tí owó dé, oṣù mélòó kan ni iṣẹ́ náà gbà, ó parí ní 2013 kan náà. Gbogbo ọmọ tí májèlé yìí pa ní Zamfara kò dín ní 400.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010 yẹn gan-an, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: ẹni tí a bá gbà láti tún ilé tí a kọ́ ṣáájú 1978 ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fọwọ́ kan ọ̀dà ara ògiri, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, nítorí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé náà kí òṣìṣẹ́ tó gbé irin ìhagiri. Kí wọ́n má sì gbàgbé tìróò. Ní Boston ní 2011, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí a mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ sì jẹ́ òjé.

Nílé níhìn-ín, ẹni tí ó fẹ́ kun ilé àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi sánpépà họ ọ̀dà náà ní gbígbẹ, kò sì gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀. Olówó lè gba ẹni tí yóò yẹ ilé rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní Ogijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé bátìrì wà nítòsí ilé ènìyàn. A sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wò níbẹ̀ ní 2025, a bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ayálégbé tí ń gbé yàrá kan kò lè san owó amọṣẹ́. Nígbà tí àwọn aṣojú tí ẹ fi ìbò rán lọ bá ṣí ìwé ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ojú ìwé tí owó àyẹ̀wò ilé wà.