Ìwé Baba Àkàndé àti Èyí Tí Àwa Kò Tíì Kọ

Ọ̀rọ̀ ìwé la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má sùn o, kì í ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́.

Ní oṣù Desẹ́ńbà 2021, Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún wa níbí, gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní Èkó. My Participations ni ó pè é. Ààrẹ Buhari pàápàá wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Olóyè Ayọ̀ Adébánjọ fèsì, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e kiri. Ta ló da ta nínú òṣèlú? Ta ló bá ta kọ́lé? Ní gáréèjì, ẹni tí kò fojú kan ìwé náà rí ń gbèjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa kò sí nínú ìjà àwọn àgbà yẹn. Ọdún 1999 sí 2003 ni, nígbà tí Baba jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun. Gbólóhùn asọ̀ wà láàárín òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lórí owó oṣù àti ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà ló kọ́ sẹkitéríàtì tí wọ́n ṣì ń lò dòní, a kò ní fi ìbínú sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbowó kì í wọ mọ́tò, kì í sì í ra ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe. Ìyà náà kò mọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba nìkan. Ní 2003, Ọlágúnsóyè Oyinlọlá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìbò.

Baba ti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣé a ti kọ tiwa? Ìyanṣẹ́lódì 1945, tí Imoudu òṣìṣẹ́ rélùwéè jẹ́ ọ̀kan nínú aṣáájú rẹ̀, kò di ìtàn àhesọ, nítorí Wogu Ananaba kọ ìwé lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní 1969.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní lẹ́tà ìdádúró ìgbà náà, tàbí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, tàbí tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní in, kí ó mú un wá. Ẹ má mú èyí tí ó dá Baba lẹ́bi nìkan wá. Ẹ mú èyí tí ó bu àwọn olórí ẹgbẹ́ náà wá pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè kọ, kí ó wá sọ ọ́. Yorùbá la ó fi kọ ọ́. Akọ̀wé wà ní yàrá ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé.