Gásíkẹ́ẹ̀tì Tí Mi Ò Rà

    Ẹ má bínú pé ohùn mi máa gùn díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù ná ọjà kiri ní Òkè Ọya níbí. Ẹni tí kò ní mọ́tò náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán, torí ẹ̀ ń wọ mọ́tò wa.

Ẹ mọ Hilux mi, èyí tí mo fi ń kó gàrí àti epo pupa láti Sabon Gari lọ sí Wudil. Mọ́tò àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì 22R ló wà níbẹ̀, oní-kabúrétọ̀. Manifold rẹ̀ ló là. Manifold yẹn ni irin tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ń gba èéfín gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tì í lọ sínú páìpù sàlẹ́ńsà. Ariwo mọ́tò mi wá dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ló ní kí n má ra manifold, pé òun máa fi header tòkunbọ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni header ń ṣe. Àmọ́ dípò irin kan ṣoṣo tí èéfín sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń kọlu ara wọn, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní páìpù tiẹ̀, àwọn páìpù yẹn á rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ẹ́ńjìnnì á lè mí dáadáa. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, mọ́tò yín á máa fò ni." Inú mi dùn. Ta ni ò fẹ́ kí mọ́tò òun fò?

Mo ní mi ò ní gbé e lọ fún mẹkáníìkì, ilé ni mo ti máa ṣe é. Ẹ mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ mọ́tò díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Mo sì ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Alẹ́ Sátidé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, mo yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, mo fọ́n òróró tó ń tú irin tó ti dípẹtà sí gbogbo nọ́ọ̀tì, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹni tó bá fi agídí tú u, bóòtù á kán sínú ẹ́ńjìnnì, wàhálà ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo sì ki irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, torí jáàkì nìkan ò ṣeé fọkàn tán. Mo kọ́kọ́ tú páìpù ìsàlẹ̀, mo wá tú manifold. Mo fi àkísà dí ojú ihò ẹ́ńjìnnì kí ìdọ̀tí má baà wọlé, mo ha ojú irin yẹn mọ́.

Ibi gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe àṣìṣe. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni nǹkan pẹlẹbẹ tó máa ń wà láàárín irin méjì, tí kì í jẹ́ kí èéfín ráyè jáde. Ti àtijọ́ ti tẹ̀, etí ẹ̀ ti jó. Ó yẹ kí n lọ ra tuntun ní Kofar Ruwa. Mo ní ó jìn, mo ní owó ti lọ púpọ̀. Mo nu ti àtijọ́, mo dá a padà. Mo di nọ́ọ̀tì pinpin, mo tan mọ́tò, ó dáhùn. Mo pe àbúrò mi, mo ní iṣẹ́ ti parí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tí mo bá tan mọ́tò láàárọ̀, á máa ṣe tíkí-tíkí-tíkí. Tó bá ti gbóná tán, ìró yẹn á lọ. Mo ní ó ti jókòó sáyè ara rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀, ìyẹn ló fi ń dákẹ́. Ihò ò dí. Etí mi ni ò gbọ́ ọ mọ́.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ẹ mọ ọyẹ́ Kánò, òtútù àti eruku. Gbogbo fèrèsé la máa ń tì. Ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní, "Ọ̀gá, orí ń fọ́ mi." Mo ní kò jẹun ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún sọ ọ́, mo ní ibà ni, mo ra paracetamol fún un. Tó bá ti dé ọjà, tó já ẹrù tán, ara ẹ̀ á yá. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Oorun ń kun èmi náà lórí síárìn, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, màmá kan ládùúgbò wa tó ń ta èlùbọ́ ní kí n gbé òun dé Wudil, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ló jókòó níwájú, ọmọ iṣẹ́ mi bọ́ sẹ́yìn lórí ẹrù. A ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ọmọ náà fi bì. Màmá ní ó lè jẹ́ nǹkan tó jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n pè é, kò dáhùn. Ọrùn ẹ̀ ti rọ. Wọ́n ní, "Àlàájì, dúró o! Ọmọ yìí ò lajú!"

Mo dúró. A ṣí ilẹ̀kùn, a gbé e síbi afẹ́fẹ́, màmá ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ké, ẹ̀yin ará mi, mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn tó báyẹn rí. Mọ́tò míì la fi gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Ọmọ náà wà láyé, ara ẹ̀ ti dá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Dókítà ló ṣàlàyé fún mi. Carbon monoxide lorúkọ ẹ̀, inú èéfín mọ́tò ló wà. Kò láwọ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sì lóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Tó bá ti jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn ò ráyè mọ́. Orí fífọ́, òòyì, èébì, oorun, ó jọ ibà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti ń ṣe yín, tẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ tí ara wá fúyẹ́, mọ́tò ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Mẹkáníìkì Haúsá kan ní Wudil ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi ibi tó dúdú bí èédú hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó tún fi ihò tí wáyà gbà wọnú mọ́tò hàn mí, rọ́bà tó yẹ kó dí i ti já. Ó ní, "Sai hankali, Alhaji." Ìfarabalẹ̀ ló ń wí.

Mo lọ bá màmá yẹn nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kì í ṣe nǹkan tí ọmọ jẹ, èmi ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Èló ni gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún?" Mi ò lè dáhùn. Mo bẹ ọmọ iṣẹ́ mi náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ fún mi.

Agbára tí wọ́n ní mọ́tò máa ní ńkọ́? Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gan-an ni header máa ń wúlò jù. Mọ́tò tó ru àpò gàrí, tó ń rìn jẹ́jẹ́, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé sọ. Manifold tó dáa ti tó fún wa.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é nílé, ìyẹn header tàbí manifold, ẹ gbọ́ bí mo ṣe tún tèmi ṣe. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ gbé irin tó tọ́ gbọnrangandan lé ojú header. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ irin. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ dé gbogbo nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ wá fi sípánà di í láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, bíi ìgbà mẹ́ta. Ẹ tan mọ́tò kó gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un dì. Ẹ rí i pé wáyà àti rọ́bà epo ò sún mọ́ páìpù yẹn, torí ó máa ń gbóná gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sẹ́nu sàlẹ́ńsà, ẹ fi àkísà dí i yíká, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ da omi ọṣẹ sí ibi tí irin ti pàdé. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ sì dí gbogbo ihò tó wọnú mọ́tò.

Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó kó ẹrù, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ tan mọ́tò nígbà tó ṣì tutù, ẹ fetí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tíkí-tíkí, ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá sì ní orí ń fọ́ òun nínú mọ́tò, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo tiẹ̀, mo wà nílé ní Sọ́ńdè. Ọ̀fẹ́ ni.