Ohun Tí Eyín Jẹ Kì í Parẹ́
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe fún àwọn ará Jakande Estate, Ìlàsán, ní Ìpínlẹ̀ Èkó)



N kò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jẹ àkókò yín. Irú kábọ́nù méjì ló kàn wá bí a bá fẹ́ fi eyín mọ ohun tí ẹranko jẹ: kábọ́nù 12 tó pọ̀ rẹpẹtẹ, àti kábọ́nù 13 tó wúwo jù ú lọ, tí kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké àti koríko ọ̀dàn máa ń gba kábọ́nù 13 ju igi, iṣu, ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ. Ohun tí ẹranko bá jẹ nígbà tí eyín rẹ̀ ń dàgbà ni yóò wọ ara òde eyín náà. Ibẹ̀ le ju egungun lọ, nítorí náà àmì oúnjẹ náà kì í kúrò.

Ní 1959, onímọ̀ Mary Leakey rí agbárí ìbátan ènìyàn àtijọ́ kan ní Olduvai, ní Tanzania. Eyín inú rẹ̀ tóbi, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn onímọ̀ ní ekùrọ́ líle ni ẹni tó ni agbárí náà ń fi ẹnu pa. Bí olùkọ́ wa ṣe yà á sójú pátákó nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé, ta ló rí i níbi tó ti ń jẹ ẹ́? Ní 2011, Thure Cerling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn kábọ́nù inú eyín ẹni 22 tó jẹ́ irú rẹ̀ láti Kẹ́ńyà. Nǹkan bí ìdá 77 nínú 100 oúnjẹ wọn ló wá láti ara koríko àti ìbátan rẹ̀. Ekùrọ́ wá dà?

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń bá mi jiyàn pé ìrísí eyín nìkan ti tó. N kò gbà, n kò sì ní gbà. Ẹni tó ní ọ̀bẹ ńlá nílé lè má pa màlúù rí. Ìrísí ń sọ ohun tí eyín lè ṣe. Kábọ́nù ń sọ irú ohun tó wọ ikùn.

Ní 2014, onímọ̀ Gabriele Macho dábàá pé òfio wà lára oúnjẹ wọn, òfio tí ẹ̀ ń rà nínú bárò lójú ọ̀nà Lẹ́kí yìí. Ìbátan koríko ni, ó ń gba kábọ́nù 13 bíi koríko, ó sì ń fẹ́ àjẹpẹ́ kó tó ṣe é gbé mì. Lóòótọ́, kábọ́nù kò lè dárúkọ òfio fúnra rẹ̀, àmọ́ àbá yìí ló bá eyín ńlá àti kábọ́nù mu lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni mo fara mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kẹ́mísírì tí ẹ̀ ń sá fún ló tú àṣírí yìí.

Àpẹẹrẹ kan ṣì kù. Ní 1995, ikọ̀ onímọ̀ Michel Brunet rí egungun àgbọ̀n ìbátan ènìyàn àtijọ́ mìíràn, tí wọ́n pè ní Abel, ní Chad, aládùúgbò wa. Ní 2012, kábọ́nù inú eyín irú Abel fi hàn pé koríko àti ìbátan rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Ibi tí wọ́n ti rí Abel, tó jẹ́ aṣálẹ̀ lónìí, jẹ́ ilẹ̀ koríko àti omi ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ tí eyín tàbí egungun àtijọ́ bá yọ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má dà á nù. Ẹ fi í síbi tó wà, kí ẹ ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù Oníkan.