Olùkọ́ni Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Gbá Bọ́ọ̀lù

 

Ìtàn ọkùnrin kan la mú wá. John McLendon lorúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ní Yunifásítì Kansas, James Naismith, ẹni tó dá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀ ní 1891, ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó bá ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà gbá bọ́ọ̀lù. Kò torí ìyẹn kọ eré náà sílẹ̀.

Ó di olùkọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Durham, North Carolina. Nígbà náà, dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jọ ṣeré. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹta 1944, nígbà tí ará ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Duke yọ́ wá bá wọn. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ McLendon na àlejò wọn, 88 sí 44. Lẹ́yìn náà, wọ́n da ara wọn pọ̀, dúdú àti funfun, wọ́n tún gbá òmíràn.

Ní 1946, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìdíje CIAA sílẹ̀ fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ní Tennessee, ikọ̀ rẹ̀ gba ife NAIA ní 1957, 1958 àti 1959, léraléra. Ní 1979 wọ́n gbé e wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni gẹ́gẹ́ bí alátìlẹyìn eré. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni, ó di 2016, ó ti kú láti 1999.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọdún mẹ́wàá yìí kò dùn délẹ̀. Àwọn kan nínú wa bínú jókòó sílé nítorí ipò tí wọn kò rí gbà. Àga wọn ṣófo, ó sì ń dùn wá. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, ká tọrọ àforíjì. McLendon ti ìlẹ̀kùn nítorí òfin burúkú. Ìlẹ̀kùn tiwa ṣí sílẹ̀, ẹ padà wálé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.