Ohun Tí Kò Yọ́ Nínú Omi



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: "mọ́". Bí a bá ní omi mọ́, ṣé pé ojú rí i gaara ni, tàbí pé kò lè pa ẹni tí ó bá mu ún?

Àwọn àgbà ní omi ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí a tó tẹ iyanrìn. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé iyanrìn kì í yọ́ bí iyọ̀; ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ. Ní Iye-Èkìtì tí a ti bí mi, ìyá ológì kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ èyí. Yóò rẹ àgbàdo, yóò lọ̀ ọ́, yóò fi asẹ́ yọ eèrí, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ògì á rọ̀ sísàlẹ̀, omidùn á wà lókè.

Àlàyé tí George Stokes ṣe ní 1851 fi hàn pé bí horo kékeré kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po 2, yóò yára rì ní ìlọ́po 4. Nítorí náà ni iyanrìn fi ń tètè rì, tí amọ̀ fi ń pẹ́. Àwọn horo amọ̀ a tún máa ti ara wọn sẹ́yìn. Álọ́ọ̀mù ni ó ń kó wọn jọ di ìṣù tí ó wúwo, tí omi fi ń tòrò.

Ibẹ̀ gan-an ni ojú ti ń tàn wá. Ìdin sòbìà ń gbé inú ẹ̀dá kékeré kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Kì í dúró nísàlẹ̀ bí ògì. Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga àti ìlàlóye ni a fi bá a jà. Oṣù kọkànlá 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì kéré ju ihò aṣọ lọ. Omi tí ó tòrò lè gbé e. Sísè omi ni ó ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ èdè máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé "tòrò" yàtọ̀ sí "mọ́". Ẹni tí ó bá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lè fi ẹ̀mí dí i.